Ẹyẹ Wíwò ní Adágún Rutland ní Ìgbà Ìwọ́wé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ti pa ẹyẹ rí nígbà èwe, yálà pẹ̀lú kànnàkànnà tàbí pẹ̀lú àtè, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ó jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láti wo ẹyẹ, tí kò sì ní i lọ́kàn láti jẹ ẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń san owó ọkọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni mo rín. Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èmi náà bá wọn lọ, n kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, bí a ti ń ṣe é, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi kan àwa tí a wà ní ìhín.

Rutland ni orúkọ àgbègbè kékeré kan ní àárín ilẹ̀ Ẹ́ńgláǹdì. Adágún tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti àdáyébá. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Odò kan tí ó ń jẹ́ Gwash ni a sé ní ẹ̀bá abúlé Empingham. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1971; a mọ odi amọ̀ kan tí ó ga tó mítà 35, nígbà tí ó sì fi máa di 1976, àfonífojì tí màlúù ti ń jẹko tẹ́lẹ̀ ti di omi. Nínú gbogbo omi tí a sé ní Ẹ́ńgláǹdì, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó o, nítorí ó fẹ̀ ju hẹ́kítà 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé odò Gwash nìkan ni ó kún un. Odò náà kéré jù. Láti inú odò Nene àti odò Welland ni a ti ń fi ẹ̀rọ fa èyí tí ó pọ̀ jù wá, kí àwọn ará Peterborough, Northampton àti àwọn ìlú mìíràn lè rí omi mu.

Kì í ṣe pẹ̀lú inú dídùn ni àwọn ará ibẹ̀ fi gbà á. Ilẹ̀ oko tí ó dára lọ sí ìsàlẹ̀ omi, àwọn ilé tí ó wà ní Nether Hambleton sì bá a lọ. Ilé ìjọsìn kan wà ní Normanton tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ibi tí omi yóò dé lọ. Dípò kí a wó o, a da òkúta àti sìmẹ́ńtì sí inú rẹ̀ títí dé ìdajì, a sì fi òkúta yí i ká. Bẹ́ẹ̀ ni ó dúró sí etí omi títí di òní, bí ẹni tí ó wọ odò dé ìbàdí tí ó sì gbàgbé ohun tí ó bá lọ.

Ohun tí ó mú kí adágún yìí yàtọ̀ ni pé, kí omi tó kún un ni a ti ya apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹyẹ. Ní ìhà ibi tí odi wà, omi jìn gidigidi, ẹyẹ tí ó lè rì nìkan ni ó sì lè rí oúnjẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà Egleton a ṣe ebè gígùn láti dá àwọn adágún kékeré dúró lọ́tọ̀, tí omi wọn kò jìn, kí ó má ba à di pé nígbà tí àwọn ìlú bá ti mu omi ńlá lọ, ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ kò ní omi mọ́. Ní 1991 a kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé àwọn àbàtà tí gbogbo ayé kà sí pàtàkì, èyí tí a ń pè ní Ramsar. Òfin ìwé náà rọrùn láti sọ: bí ẹyẹ omi tí ó wà ní ibì kan déédéé bá tó 20,000, tàbí bí ó bá jẹ́ pé nínú gbogbo 100 ẹyẹ irú kan tí ó wà ní apá ayé náà, ibẹ̀ ni ọ̀kan ń gbé, ibẹ̀ di pàtàkì. Ẹ kíyè sí i pé orí kíka ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Èmi yóò padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa mọ́kànlá ni a jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ náà ni ó mú mi lọ. Àwa méjèèjì nìkan ni Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣáájú wa jẹ́ bàbá arúgbó kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti ń ka ẹyẹ orí omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtútù mú, ìkùukùu bo ilẹ̀, ewé igi sì ti ń di pípọ́n. Kí a tó kúrò ní ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, bàbá náà kọ́ wa ní ìwà. Ẹ má ṣe wọ aṣọ funfun tàbí aṣọ títàn. Ẹ má ṣe dúró sí orí ebè níbi tí ara yín yóò ti hàn gedegbe lójú ọ̀run, nítorí òjìji ènìyàn ni ẹyẹ ń bẹ̀rù ju ohùn rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà ní ẹ̀yìn yín bí ẹ bá lè ṣe é, nítorí ẹyẹ tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Ẹ má ṣe gbá ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń sọ ni ti àwọn ahéré ìlúgọ. Pákó ni a fi kan wọn sí etí omi; fèrèsé wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn láti igun dé igun, àga gbọọrọ wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ ń rí ẹyẹ, ẹyẹ kò rí i. Ọdẹ ilẹ̀ wa kò ní í ya ẹnu sí i, nítorí ó mọ bí a ti ń lúgọ; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwé àti gègé ni ọwọ́ wọn dì mú. Olúkúlùkù wa ní awò olójú méjì tí ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ ojú. Bàbá náà sì ní awò gígùn kan tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí a ń gbà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro kan wà nínú kí ènìyàn púpọ̀ máa wo ẹyẹ pọ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan á pariwo pé, "Wò ó! Òhun nìyẹn!" àwọn mẹ́wàá yòókù á sì máa wá a kiri ojú omi títí ẹyẹ yóò fi fò lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi agogo tọ́ka. Wọ́n á mú òpó kan tàbí igi kan tí gbogbo ojú rí, wọ́n á sì kà á sí àárín agogo. Ohun tí ó wà ní ọ̀gangan òkè rẹ̀ wà ní agogo méjìlá, èyí tí ó wà ní apá ọ̀tún rẹ̀ wà ní agogo mẹ́ta. Bí a bá ti ní, "Òpó funfun, agogo mẹ́rin, bí ìwọ̀n òpó náà lẹ́ẹ̀mejì," kò sí ẹni tí kò ní rí i. Mo rò pé èyí lè wúlò fún wa nínú kíláàsì, nígbà tí a bá kó àwọn ọmọ lọ sí oko láti kọ́ wọn nípa ohun alààyè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí àwọn ẹyẹ fúnra wọn. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó ni ó pọ̀ jù. Lójú mi, ẹyọ kan náà ni gbogbo wọn ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan mo bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kan ń rì pátápátá sí ìsàlẹ̀ omi láti wá oúnjẹ. Àwọn kan kò lè rì, wọ́n kàn ń dorí kodò, tí ìdí wọn yọ sókè. Èyí tí ń jẹ́ shoveler ní ẹnu gbẹrẹsẹ bí ọkọ́, eyín wẹ́wẹ́ bí ti òòyà sì wà ní etí rẹ̀ tí ó fi ń sẹ́ omi kí kòkòrò lè kù sí i lẹ́nu. Wọ́n a máa yí po ní ẹgbẹ́ wọn, olúkúlùkù tẹ̀lé ìdí èyí tí ó ṣáájú, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan lè ru oúnjẹ sókè fún èkejì. Èyí tí ń jẹ́ wigeon ń gun òkè odò láti jẹ koríko bí àgùntàn, ó sì ń súfèé. Ṣùgbọ́n gadwall ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kò lè rì, bẹ́ẹ̀ ni ewéko tí ó wà ní ìsàlẹ̀ omi wù ú. Nítorí náà, ó máa ń dúró ti ẹyẹ dúdú oníwájú funfun tí ń jẹ́ coot, tí òun mọ ìrì. Bí coot bá ti gbé ewéko jáde, gadwall á já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Adágún Rutland jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí gadwall àti shoveler ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì sì wà lára ìdí tí a fi kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé Ramsar.

Ìgbà ìwọ́wé sì jẹ́ ìgbà tí ó ṣòro jù láti dá wọn mọ̀. Akọ pẹ́pẹ́yẹ igbó ní aṣọ aláràbarà nígbà òtútù, tí ọmọdé pàápàá lè fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà ooru, gbogbo ìyẹ́ tí ó fi ń fò á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní lè fò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ọ̀tá má ba à rí i ní àkókò àìlera yìí, á bọ́ aṣọ ọ̀ṣọ́ rẹ̀, á sì gbé aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ti abo wọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pààrọ̀ aṣọ náà tán. Akọ, abo, ọmọ, gbogbo wọn jọ ara wọn. Aṣọ kò tó fi mọ ẹnìkan mọ́. A ní láti wo ìrísí orí, gígùn ẹnu, àti àmì tí ó wà ní apá nígbà tí wọ́n bá nà án.

Bàbá náà ní kí a ka àwọn shoveler tí ó wà nínú adágún kékeré kan. Mo ka 70. Ẹ̀gbọ́n mi ka 110. Ojú ti àwa méjèèjì. Nígbà náà ni wọ́n kọ́ wa pé a kì í ka agbo ńlá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A ó ka mẹ́wàá dáadáa, a ó fi ojú wọn bí mẹ́wàá ti tóbi tó, lẹ́yìn náà ni a ó máa fi ìwọ̀n mẹ́wàá náà wọn agbo láti òpin kan dé èkejì, a ó sì tún padà kà á láti òpin kejì. Èyí tí ó ń rì ni a ó kà lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí nígbàkigbà ni àwọn kan wà ní ìsàlẹ̀ omi. Ní ìgbà kẹta, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi súnmọ́ ara wa.

Láti 1947 ni a ti ń ka àwọn ẹyẹ omi báyìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣooṣù nígbà òtútù. Àwọn tí ó ń kà á nísinsìnyí ju 3,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba owó. Wọ́n dá ọjọ́ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ẹyẹ tí a kà ní òkè má baà fò lọ sí ìsàlẹ̀ kí a tún kà á níbẹ̀. Nínú ìwé wọn ni a ti rí i pé pẹ́pẹ́yẹ kan tí ń jẹ́ pochard, tí ó pọ̀ tẹ́lẹ̀, ti dínkù gidigidi. Kò sí ẹnìkan tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ó ti ń dínkù. Ìwé ni ó rí i.

Ní ọ̀sán ni ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ṣẹlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan wà tí ń jẹ́ teal, ó sì ní ìbátan kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, tí ń jẹ́ garganey. Nínú gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, garganey nìkan ni ó ń sá kúrò níbẹ̀ pátápátá nígbà òtútù, tí ó ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ọ̀dọ̀ wa: sí Senegal, sí àbàtà odò Ọya ní Mali, sí adágún Chad, àti sí àbàtà Hadejia àti Nguru ní òkè ọya ilẹ̀ Nàìjíríà. Mo ti kà nípa rẹ̀ kí n tó lọ, ọkàn mi sì fà sí i. Mo fẹ́ rí ará ilé mi lórí omi àjèjì. Nígbà tí mo rí pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan láàárín àwọn teal, tí ìlà dúdú kan là á lójú, mo ké pé garganey ni.

Ariwo ta nínú ahéré. Àwọn mìíràn pẹ̀lú rí i, wọ́n sì gbà pé òun ni. Ẹnìkan ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá náà kò yí ojú padà kúrò lára awò wọn. Wọ́n ní, "Kí ni o rí?"

Mo ní, "Garganey ni, sà."

"N kò bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kí ni o rí?"

Mo wí pé mo rí ìlà dúdú lójú rẹ̀. Wọ́n bèèrè bóyá mo rí àmì funfun ní ìdí ẹnu rẹ̀. N kò mọ̀. Wọ́n bèèrè bóyá mo rí ìlà dúdú kejì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. N kò mọ̀. Wọ́n bèèrè bí ẹ̀gbẹ́ ìrù rẹ̀ ti rí. N kò tilẹ̀ wo ìrù rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi fẹnu sí mi létí, ó ní, "Àbúrò, ṣé ojú ni o fi rí i ni, tàbí ọkàn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Ẹyẹ náà ti ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́, ó ń sùn. A dúró dè é tó ìdajì wákàtí. Mo sọ òtítọ́ fún yín, ìdajì wákàtí náà gùn fún mi, nítorí ní gbogbo àkókò náà ni mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kí ó jẹ́ ohun tí mo pè é. Níkẹyìn, teal mìíràn kọlù ú, ó jí, ó yí ìdí sí wa, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó mọ́lẹ̀ sì hàn ketekete ní ẹ̀gbẹ́ ìrù rẹ̀. Teal ni ó ní ìlà náà. Garganey kò ní in. Ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé fi gègé fà á nù. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí, èyí sì dùn mí ju ìbáwí lọ.

Nígbà tí a jáde sí ọ̀nà, bàbá náà sọ fún mi pé àwọn náà ti kọ irọ́ sínú ìwé rí nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, ẹyẹ kan ṣoṣo péré, àti pé ó ṣì wà níbẹ̀, nítorí wọn kò ní ìgboyà láti jẹ́wọ́ kí ìwé náà tó di títẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Nguru. Ní Rutland, odi tí a fi sé omi ni ó fún ẹyẹ ní ilé. Ní òkè ọya ilẹ̀ wa, òdìkejì ni. Àbàtà Hadejia àti Nguru wà nípa ìkún omi tí ó ń wá lẹ́yìn òjò láti àwọn odò ìhà Kánò. Nígbà tí a parí ìsédò Tiga ní 1974, tí ti Challawa Gorge sì tẹ̀lé e ní 1992, ìkún omi náà dínkù, àwọn apẹja àti àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò sì mọ̀ ọ́n lára kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹyẹ. Nítorí náà, kì í ṣe pé omi sísé dára tàbí kò dára fún ẹyẹ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni bóyá ẹnìkan bèèrè, kí a tó ko òkúta àkọ́kọ́ jọ, pé ta ni ó ti ń mu omi yìí tẹ́lẹ̀.

A kò bá àwọn àṣá apẹja, tí wọ́n ń pè ní osprey, mọ́. Àwọn ni ògo Rutland. Wọ́n ti run ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ẹ́ńgláǹdì fún nǹkan bí 150 ọdún, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ wọn wá láti Scotland ní 1996. Ní 2001 ni méjì nínú wọn kọ́kọ́ pa ọmọ níbẹ̀. Ní òpin oṣù kẹsàn-án, ìtẹ́ ńlá wọn lórí òpó ti ṣófo. Ìhà etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Senegal lọ sí Guinea, ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ ọdún kìn-ín-ní ń dá lọ ni, kò sí bàbá tàbí ìyá tí ó ń fi ọ̀nà hàn án, yóò sì wà ní ọ̀dọ̀ wa fún nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó padà.

Àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ ṣì kù díẹ̀. Wọ́n ń fò ní ìsàlẹ̀ lórí omi, wọ́n ń mú kòkòrò ìkẹyìn. Nígbà àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Olaus Magnus, ará Sweden, kọ ọ́ ní 1555 pé abẹ́ omi ni wọ́n ń sùn títí òtútù yóò fi tán, ó sì ya àwòrán àwọn apẹja tí wọ́n ń fi àwọ̀n fà wọ́n jáde. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín: ẹni tí ó bá rí wọn bí wọ́n ti ń kan ojú adágún ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì jí ní ọjọ́ kejì tí kò rí ọ̀kan mọ́, kí ni ìbá rò? Òrùka kékeré ni ó tú àṣírí náà. Ní 1911 ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Masefield, agbẹjọ́rò ní Staffordshire, fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàáńdẹ̀dẹ̀ kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, a rí òrùka náà ní Natal, ní ìpẹ̀kun Áfíríkà. Ẹyẹ tí kò wúwo ju 20 gíráàmù lọ! Àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ Yúróòpù mìíràn kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Ebbaken, lẹ́bàá Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó lé ní mílíọ̀nù kan wọn tí ó ń sùn nínú eèsún orí òkè ní àkókò ọyẹ́, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń fi àtè mú wọn jẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi bí a ti ń padà sí ibi ọkọ̀. Ó dúró. Okùn wáyà kan wà lórí ọ̀nà, àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ tò sórí rẹ̀. Ó kà wọ́n, ó tún kà wọ́n láti òpin kejì.

Ó ní, "Mẹ́tàlélógún. Ìwọ ńkọ́, àbúrò?"

Mo ka méjìlélógún. A tún kà á, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn òpó tí n kò rí. Bàbá náà ṣí ìwé wọn, wọ́n kọ 23, wọ́n sì kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.